Ohun tí Ilẹ̀ Kò Lè Jẹ: Omi, Ẹ̀jẹ̀ àti Ẹ̀rí ní Etí Odò Ohio

Ìfáárà

 Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí, tí ó fún mi ní àyè láti fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè gbé e.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ìtumọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni pé kò sí ẹ̀dá tí kò nílò omi. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn tí a kì í sábà wò: ohun tí a kò kà sí ọ̀tá, a kì í ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bu omi tí ó mọ́ gaara, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí adùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ ní ẹnu, kò rí ìdí tí yóò fi bèèrè ohun tí omi náà gbé dání. Lórí irú omi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Àwọn èròjà kan wà tí ìkékúrú orúkọ wọn ń jẹ́ PFAS. Wọ́n ti wọ inú omi, ilẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ibi ní àgbáyé. Mo lè fi gbogbo àkókò wa ka orúkọ àwọn ibi náà, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a dúró sí, kí a wò ó dáadáa: àgbègbè Parkersburg ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí ó tóbi jù lọ lórí èròjà wọ̀nyí. Ìbéèrè kan ni mo sì fẹ́ kí ìtàn náà dá lóhùn: nígbà tí a bá fẹ́ da ohun àjèjì sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí wá? Ṣé ẹni tí ó fẹ́ dà á ni, tàbí ẹni tí yóò mu ún?

Irú ohun tí PFAS jẹ́

PFAS kì í ṣe orúkọ èròjà kan ṣoṣo. Orúkọ ìdílé ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn ọmọ ìdílé náà, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ṣe wọ́n. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé nínú gbogbo wọn, kábọ́ọ̀nù àti fúlóríìnì di ara wọn mú. Kábọ́ọ̀nù kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ó wà nínú igi, nínú epo, nínú èédú àti nínú ẹran ara wa. Nínú epo, háídírójìn ni ó so mọ́ kábọ́ọ̀nù, ìsopọ̀ náà kò sì le púpọ̀. Iná lè tú u, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí nínú ilẹ̀ náà lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí fúlóríìnì bá gba ipò háídírójìn, ìsopọ̀ náà yóò di ọ̀kan nínú àwọn tí ó le jù lọ tí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì mọ̀.

Nínú ìrírí àwọn baba wa, kò sí ohun tí a fi lé ilẹ̀ lọ́wọ́ tí ilẹ̀ kì í jẹ bó pẹ́ bó yá. Ewé já, ó jẹrà. Ẹran kú, ó jẹrà. Irin pàápàá, ìpẹtà a máa jẹ ẹ́. Lórí ìgbàgbọ́ yìí ni a gbé gbogbo àṣà ààtàn wa kà: a gbà pé ohun tí a dà sẹ́yìn ilé yóò padà di ilẹ̀. PFAS kò sí nínú májẹ̀mú yìí. Àwọn kan nínú wọn a máa yí padà, ṣùgbọ́n ara ìdílé kan náà ni wọ́n sábà máa ń yí padà sí. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní kẹ́míkà ayérayé. Èmi yóò dá a lábàá pé kí a máa pè wọ́n ní èròjà aláìjẹrà, nítorí pé orúkọ yìí sọ ohun tí ó ṣe wọ́n gan-an.

Èyí tí ó kan ìtàn wa lónìí ń jẹ́ PFOA. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ ní C8. Ó ní orí, ó sì ní ìrù, gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù ọṣẹ kọ omi ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn epo; ìrù PFOA ní tirẹ̀ kọ omi, ó sì tún kọ epo. Nítorí ìwà yìí ni a ṣe ń lo àwọn ọmọ ìdílé PFAS lára aṣọ tí òjò kò gbọdọ̀ rin, lára bébà tí a fi ń di oúnjẹ ọlọ́ràá, àti nínú fóòmù tí àwọn panápaná ń dà sí iná epo bẹntiróòlù.

Ó yẹ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ní ọdún 1938, Roy Plunkett, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ DuPont, ṣe alábàápàdé ohun funfun kan tí a wá mọ̀ sí Teflon. Teflon ni ó wà lára ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. PFOA kì í ṣe Teflon. Òun ni ohun tí a fi ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń ṣe Teflon ní ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe inú ìkòkò ìyàwó ilé ni ewu tí mo ń sọ ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ni.

Bí PFOA bá wọ ara, kì í lọ sínú ọ̀rá bí DDT ti máa ń ṣe. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé, níbi tí ó ti so mọ́ èròjà amáradàgbà, ó sì ń gbé inú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Kíndìnrín wa, tí ó yẹ kí ó tì í jáde pẹ̀lú ìtọ̀, a tún máa gbà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbà tó ọdún méjì sí mẹ́rin kí ìdajì rẹ̀ tó jáde kúrò lára ènìyàn. Ìyá a máa fi í ránṣẹ́ sí ọmọ inú rẹ̀, àti sí ọmọ ọwọ́ nípasẹ̀ wàrà ọmú.

Ilé-iṣẹ́ etí odò

Odò Ohio ni ààlà láàárín ìpínlẹ̀ West Virginia àti ìpínlẹ̀ Ohio. Ní etí odò yìí, lẹ́bàá Parkersburg, ni DuPont ti ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tẹ́lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Washington Works. Ní ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra PFOA lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 3M láti fi ṣe Teflon níbẹ̀. Àwọn ará àgbègbè náà kò kórìíra ilé-iṣẹ́ yìí. Òun ni ó fún wọn ní iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó ń fún ni ní oúnjẹ kì í rọrùn láti bi léèrè ohun tí ó dà sínú omi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èròjà náà gbà jáde. Apá kan bá èéfín ilé-iṣẹ́ lọ sókè, ó sì bọ́ sílẹ̀ sórí oko àti sórí ilẹ̀ tí àwọn kànga wà. Apá kan ṣàn lọ sínú odò. Apá kejì ẹ̀wẹ̀, wọ́n kó o pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti pàǹtí lọ sí ààtàn ilé-iṣẹ́, ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi abẹ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Little Hocking wà ní òdìkejì odò, ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni èròjà náà ti wá pọ̀ jù lọ nínú omi mímu.

Ohun tí a mọ̀ tí a kò sọ

Ẹ jẹ́ kí a to àwọn ọdún náà tẹ̀lé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé tí ó dé ilé-ẹjọ́ ṣe fi wọ́n hàn.

Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ nípa májèlé ní DuPont ti rí i pé PFOA ń mú kí ẹ̀dọ̀ àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a máa fọwọ́ mú un pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ní ọdún 1968, onímọ̀ kan tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, Donald Taves, tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde pé òun rí irú fúlóríìnì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí kò jọ èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1976, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fura pé ó jọ PFOA.

Ní ọdún 1981, 3M sọ fún DuPont pé èròjà náà ṣe ìpalára fún ojú àwọn ọmọ inú eku. DuPont kó àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ kúrò ní ibi tí a ti ń lo èròjà náà. Nínú ọmọ méje tí àwọn obìnrin ibẹ̀ bí tí wọ́n yẹ̀ wò, méjì ní àbùkù lójú. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ náà rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bu omi ẹ̀rọ ní àwọn ilé ìtajà àdúgbò. Wọ́n rí PFOA nínú omi Lubeck àti ti Little Hocking. Wọn kò sọ fún àwọn tí ń mu ún. Ní ọdún 1991, àwọn fúnra wọn fi ìdá 1 nínú bílíọ̀nù ṣe òṣùwọ̀n tí PFOA inú omi mímu kò yẹ kí ó kọjá. Síbẹ̀ ará ìlú kò gbọ́.

Kì í ṣe àjọ ìjọba ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Màlúù ni. Àgbẹ̀ kan ní oko lẹ́bàá odò kékeré tí ń ṣàn láti ibi ààtàn ilé-iṣẹ́ náà wá. Àwọn màlúù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, eyín wọn di dúdú, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí àwọn tí ó kú fi ju 100 lọ. Ní ọdún 1998, ó lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Cincinnati, Rob Bilott, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìgbà náà jẹ́ láti máa gba ẹjọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà rò. Bilott pẹjọ́ ní ọdún 1999. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí DuPont kó ìwé wá, ojú ìwé tí ó ju 110,000 lọ ni wọ́n kó fún un. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń kà wọ́n. Inú wọn ni ó ti rí gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to sílẹ̀ nípa ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ó kó ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó pẹjọ́ ní orúkọ gbogbo ará ìlú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Láti ọdún 1981 sí ọdún 2001 jẹ́ ogún ọdún gérégé. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń mu láàárín ogún ọdún yẹn. Ní ọdún 2005, DuPont gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 16.5 lórí ẹ̀sùn EPA pé wọn kò fi ohun tí wọ́n mọ̀ tó ìjọba létí. Wọ́n sanwó náà láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 69,000

Mo dé ibi tí ó wù mí jù lọ nínú ìtàn yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí ìwádìí lè ṣe nígbà tí ará ìlú bá di ara rẹ̀.

Ní ọdún 2004, ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. DuPont yóò san owó fún ẹ̀rọ tí ń fi èédú sẹ́ omi ní àgbègbè omi mẹ́fà tí PFOA inú wọn tó ìdá 50 nínú tírílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò tún san dọ́là mílíọ̀nù 70. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí ìhà méjèèjì jọ yàn yóò wádìí bóyá PFOA ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn. Bí ìgbìmọ̀ bá ní ó ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn kan, DuPont kò ní lè jiyàn mọ́ pé èròjà náà lè fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ní kò ní í ṣe, ará ìlú kò ní lè pẹjọ́ lórí àìsàn náà mọ́. Ìdájọ́ olójú méjì ni.

Dípò kí wọ́n pín owó náà kéékèèké kí olúkúlùkù ná tirẹ̀ tán, wọ́n fi í ra ìmọ̀. Láti ọdún 2005 sí ọdún 2006, wọ́n fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì dáhùn ìbéèrè, ní dọ́là 400. Àwọn ènìyàn tó bíi 69,000 ni ó wá, àgbà àti ọmọdé. Nígbà tí a wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, iye PFOA ẹni tí ó bọ́ sí àárín gbùngbùn jẹ́ ìdá 28 nínú bílíọ̀nù, nígbà tí ti ará Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ bíi 4. Ní Little Hocking, ó ju 200 lọ.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta náà ni Tony Fletcher láti London, David Savitz àti Kyle Steenland láti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn kò rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní a rí ènìyàn tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí PFOA sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé PFOA ni ó ba kíndìnrín jẹ́ ni, tàbí kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ ni kò lè ti PFOA jáde? Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè dáhùn. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ náà wá ọ̀nà mìíràn kún un. Wọ́n ṣírò iye èròjà tí ilé-iṣẹ́ tú jáde lọ́dọọdún láti ọdún 1951, bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé e, bí ó ṣe wọ ilẹ̀, ìgbà tí ó dé kànga kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá fi í wé ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti gbé ní ọdún kọ̀ọ̀kan àti omi tí ó mu. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ẹni tí ó ti mu ún tipẹ́ kí àìsàn tó dé.

Nígbà tí ó fi di ìparí ọdún 2012, wọ́n ti yẹ àìsàn tí ó ju 50 lọ wò. Mẹ́fà ni wọ́n sọ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú PFOA: jẹjẹrẹ kíndìnrín, jẹjẹrẹ kórópọ̀n, egbò inú ìfun ńlá, àìsàn táírọ́ọ̀dù tí ó wà ní ọrùn, kọlẹ́síróòlù tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún ń fà. Ní ọdún 2017, àwọn tí ó pẹjọ́ lórí àìsàn wọ̀nyí, tí wọ́n tó bíi 3,500, gba dọ́là mílíọ̀nù 671.

Bí ó ṣe yẹ kí a ka ẹ̀rí náà

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ náà lò yẹ fún àkíyèsí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè. Wọn kò sọ pé PFOA ni ó fa jẹjẹrẹ lágbájá tàbí làkáṣègbè. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, bí a bá gbé gbogbo ẹ̀rí lé òṣùwọ̀n, ó súnmọ́ òtítọ́ pé èròjà náà ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn náà ju pé kò ní í ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mu omi náà kò ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mu ún ní jẹjẹrẹ kíndìnrín. Ohun tí ó yí padà ni iye àwọn tí yóò ṣàìsàn nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èdè wa mọ májèlé tí ó ń pa ẹni tí ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò tíì mọ́ wa lára láti sọ̀rọ̀ nípa májèlé tí ó ń mú ẹni díẹ̀ kún iye àwọn aláìsàn inú ìlú, tí a kò sì lè nàka sí ẹni tí ó mú. A ní láti kọ́ bí a ó ṣe máa sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìrí òkú ojú ẹsẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kò sí ewu.

Àwọn ìwádìí mìíràn ti kún èyí lọ́wọ́. Ní àwọn Erékùṣù Faroe, Philippe Grandjean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2012 pé àwọn ọmọdé tí PFAS pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í jẹ àǹfààní abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti dìfítẹ́ríà tó bí ó ti yẹ. Ní ìparí ọdún 2023, IARC, àjọ àgbáyé fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi PFOA sí ìpele kìn-ín-ní, èyí tí í ṣe ti àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ìròyìn rere kan sì wà pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí a fi èédú sẹ́ omi ní Lubeck àti Little Hocking, PFOA inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn dín kù ní ìwọ̀n ìdá 26 nínú 100 láàárín ọdún kan. Ara a máa gbìyànjú bí a bá bá a dí orísun ewu.

Orúkọ titun, ìdílé kan náà

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a mọ PFOA ní ọ̀tá? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà gbà láti pa lílò rẹ̀ tì títí di ọdún 2015. Ohun tí DuPont fi rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní GenX. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ dín kù, ó sì ń tètè jáde lára ju PFOA lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé kan náà ni. Kì í jẹrà. Ní ọdún 2017, ará ìlú Wilmington ní North Carolina gbọ́ nínú ìwé ìròyìn pé GenX wà nínú odò Cape Fear tí àwọn ń mu, pé ilé-iṣẹ́ tí ó wà lókè odò ni ó ti wá. Ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ fi ẹ̀rí hàn pé èyí náà léwu.

Ẹ wo bí ọ̀nà yìí ti gùn tó. PFOA wọ ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1951. Ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ ní ọdún 2012. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ó gbà láti mọ òtítọ́ nípa ẹyọ kan. Bí a bá ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìdílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ayé àwọn ọmọ-ọmọ wa kò ní í tó o.

Òfin, àti ohun tí ó kàn wá

Àdéhùn Stockholm ni àdéhùn àgbáyé lórí àwọn èròjà tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. A kọ orúkọ PFOS, ìbátan PFOA, sínú rẹ̀ ní ọdún 2009. PFOA wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2019, PFHxS ní ọdún 2022. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni EPA tó fi òfin gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀: PFOA àti PFOS kò gbọdọ̀ ju ìdá 4 nínú tírílíọ̀nù lọ nínú omi mímu. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti kéré tó, ìdá 1 nínú tírílíọ̀nù dà bí ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú 32,000 ọdún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ náà kéde pé òun yóò dá òṣùwọ̀n méjì yìí sí, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ fún àwọn olómi ní àyè di ọdún 2031, àti pé òun fẹ́ mú òṣùwọ̀n àwọn mélòó kan mìíràn nínú ìdílé náà kúrò.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Stockholm ní ọdún 2004. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè sí wa. Ọjà tí a fi èròjà wọ̀nyí ṣe kì í dúró ní ìlú tí a ti ṣe wọ́n, ààtàn sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń parí sí, lẹ́bàá kànga. Ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn ọ̀nà tí a fi ń tún omi ṣe nílé kò ran èyí. Omi sísè kò lè pa á. Bí omi bá ti ń fẹ́, ńṣe ni PFAS tí ó kù ń pọ̀ sí i nínú ìyókù. Álọ́ọ̀mù kò mú un, kòlórín kò mú un. Èédú tí a dìídì ṣe fún sísẹ́ omi a máa mú un, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé. Ẹ̀rọ tí a sì fi ń wọn ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀. Àwọn ará Parkersburg, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ Amẹ́ríkà, kò bá tí mọ ohunkóhun bí kì í bá ṣe pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ba omi wọn jẹ́. Ìlú tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró de ẹ̀rí irú èyí. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí wá fi ṣe pàtàkì fún tálákà ju olówó lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wá síhìn-ín láti ní kí ẹ bẹ̀rù omi, tàbí kí ẹ kó ìkòkò yín dànù. N kò sì sọ pé kí a pa àwọn ilé-iṣẹ́ tì, nítorí pé ìlú tí kò ní iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn ní tirẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bèèrè.

Èkíní, kí ẹni tí ó bá fẹ́ tú èròjà aláìjẹrà sí afẹ́fẹ́, odò tàbí ilẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé kò léwu, kí ó tó tú u. Èkejì, kí ohun tí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú omi wa má ṣe jẹ́ àṣírí ilé-iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ inú omi ni ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Ẹ̀kẹta, kí a máa fi òfin mú ìdílé PFAS gẹ́gẹ́ bí ìdílé, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí a lé jáde ní ẹnu ọ̀nà má baà fi orúkọ titun gba fèrèsé wọlé.

Ènìyàn 69,000 na apá wọn kí a lè gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kí ayé lè mọ òtítọ́. A jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí a lè fi san án ni pé kí a má ṣe tún ní kí ìlú mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó gbà á gbọ́.